OÚNJẸ ÀNÁ KÌ Í ṢE ÀJẸKÙ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bí a ó ti sọ ọ́ tí owó oṣù kò ní yọjú sí i. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé ìgbà wo ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ di ẹgbẹ́ alásè. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Inú ìkòkò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ wa ń lọ. Ẹni tí ó bá ń jà fún àfikún owó, tí kò sì wo ibi tí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbà jáde, inú ajádìí agbọ̀n ni ó ń kó ẹrù sí.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná sí i láti oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí UNEP, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwé kan jáde lórí oúnjẹ tí ayé ń dà nù. Wọ́n ní ní ọdún 2022 nìkan, oúnjẹ tí ó tó bílíọ̀nù kan ó lé mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù ni a dà nù káàkiri ayé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún, 60 ni ó ti inú ilé àwọn ènìyàn jáde, kì í ṣe láti ilé ìtajà tàbí ilé oúnjẹ. Bí a bá pín ti inú ilé yìí kárí, kílò 79 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Wọ́n tún ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé àwọn orílẹ̀-èdè olówó àti ti àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n kò ju nǹkan bí kílò 7 lọ. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan láti ìgbà náà pé, ẹ ò rí i, òṣìṣẹ́ náà ń fi oúnjẹ ṣòfò, kí ni wọ́n tún ń pariwo owó sí?

Kí a tó gbà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n kà. Wọ́n ka èèpo mọ́ ọn, wọ́n ka egungun mọ́ ọn. Ilé tí ó ń ra búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ kò ní èèpo kankan láti dà nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra iṣu ní ọjà Ìkòtún, tí ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti àgbàdo tútù, ẹrù èèpo ni ó rù wálé pẹ̀lú oúnjẹ. Èèpo iṣu kì í ṣe ìwà àpà. Àwọn tí ń sin ewúrẹ́ ní àdúgbò wa ń wá a kiri, wọ́n sì ń wá eèrí ògì bákan náà. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sun di eérú, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kílò 79 dẹ́rù bà wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ purọ́ fún ara wa. Ẹni tí ó bá ń gba Ìgándò kọjá lọ sí ọ̀nà LASU mọ àkìtàn Solous, tí kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba ti Alimọ́ṣọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ìdọ̀tí ti ń ru ẹrù ìlú Èkó wá da síbẹ̀, àwa ará Alimọ́ṣọ́ ni a sì ń gbóòórùn rẹ̀, àti aláìsàn àti aláàánú. Kì í ṣe irin ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ike. Ohun tí ń jẹrà ni, èyí sì tó nǹkan bí ìdajì ìdọ̀tí tí ń ti ilé àti ọjà Èkó jáde. Nínú rẹ̀ ni ọbẹ̀ tí ó kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà, àti ìrẹsì ọjọ́ Àìkú tí kò rí ẹni jẹ ẹ́. A kò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ pátápátá níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwa ọkùnrin ni a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àjẹkù ni èyí tí ẹnìkan ti ki ọwọ́ bọ̀, tí ó jẹ, tí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀. Oúnjẹ àná ni èyí tí ó kù nínú ìkòkò, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn, tí a bò, tí a sì gbé kaná. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kínní, ọ̀tọ̀ ni èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ń da méjèèjì pọ̀. Ọkùnrin yóò ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, yóò ṣí àwo, yóò ní, "Ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ àná nìyí?" Yóò sì ti àwo náà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n bú. Bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ní búkà kan ní Òṣòdì, ó ti jẹ ọbẹ̀ tí olóúnjẹ nìkan ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì lá ọwọ́ tẹ̀lé e.

Àwọn ìyàwó wa pàápàá, òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A ní àwọn obìnrin nínú ẹ̀ka wa yìí tí wọ́n ń dúró wákàtí mẹ́jọ nídìí ẹ̀rọ kí wọ́n tó lọ dúró nídìí ààrò. Ẹni tí ó bá ní dandan ni kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀ tuntun ní alaalẹ́, iṣẹ́ ofataìmù tí kò ní owó ni ó yàn fún un. A kì í gbà á lọ́wọ́ mánéjà. Kí ló dé tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ ara wa?

(Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi iyán pa òwe lé lórí, a mọ̀. Iyán àná gan-an kì í jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, líle ni ó ń le.)

Ọgbọ́n lílo ìyókù kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Ẹ wo èlùbọ́. Iṣu tí kò ní lè dúró ní àká ni a gé, tí a bọ̀, tí a sá, tí ó sì wá di oúnjẹ tí ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wo kúlíkúlí, ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀ tán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni róbó, ẹ̀gúsí tí a ti fún epo kúrò lára rẹ̀ ni. Dòdò Ìkirè tí wọ́n ń tà fún wa lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rà ni, èyí tí kò ṣeé gé mọ́, tí àwọn obìnrin Ìkirè pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó lọ sí ààtàn ni ìlú kan fi di olókìkí. A kò rí ẹni tí ó ń tijú jẹ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì.

Nínú ilé wa náà, ọ̀nà kò wọ́n. Iṣu sísè tí ó kù, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi iyọ̀ àti ata díẹ̀ sí i, kí ẹ dín in, oúnjẹ àárọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni. Mọ́ínmọ́ín àná, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀wà àná, bí kò bá tíì kan, ẹ fi epo pupa àti àlùbọ́sà yí i lórí iná títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ bu gàrí lé e. Àwọn ọmọ wa mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọjọ́ tí a sè é lọ. Búrẹ́dì tí ó ti gbẹ kò tíì bàjẹ́, àfi bí ó bá hu funfun tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ gbé e sórí páànù gbígbóná. Èyí tí ó bá ti hu, kí a má ṣe há ibi tí ó hu kúrò kí a sì fún ọmọ ní ìyókù, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú ju ibi tí ojú rí lọ. Omi ẹran, ẹnikẹ́ni tí ó bá dà á nù, a kò mọ ohun tí a lè sọ fún un.

Ọbẹ̀ ata ni olórí gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni owó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ata, tòmátì, epo, ẹja tàbí ẹran. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ bí kò ṣe ọwọ́ àti ṣíbí. Ṣíbí tí ó ti wọ ẹnu, tí ó tún padà wọ ìkòkò, òun ni ó ń gbé ìkan wọ inú ọbẹ̀. Kí á ní ìgbakọ kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí a gbé ìkòkò padà sórí iná títí yóò fi hó láti ìsàlẹ̀ wá, kì í ṣe kí etí rẹ̀ kàn máa ta pútúpútú. Kí a wá gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi tútù, kí a pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè tètè tutù, nítorí ìgbà tí ọbẹ̀ bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kòkòrò àìfojúrí ń bí sí i jù. Kí a dé e pa, kí a gbé òkúta lé ìdérí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a tún sè é kí ẹnikẹ́ni tó bù ú. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọbẹ̀ ata yóò lo ọjọ́ méjì láìsí fìríìjì. Ewédú, ilá àti gbẹ̀gìrì kò sí nínú èyí. Ìwọ̀n tí a ó jẹ tán ni kí a máa sè.

Ìdí tí a fi ní ọjọ́ méjì, tí a kò ní márùn-ún, ni pé gáàsì àti èédú kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó se ìkòkò ńlá ní ọjọ́ Àìkú, tí ó ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, owó gáàsì rẹ̀ yóò jẹ èrè tí ó rò pé òun jẹ. A mọ̀ pé àwọn kan gbójú lé fìríìjì. Ní Alimọ́ṣọ́ wa yìí? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó yúnìtì iná fò láti náírà 68 sí 225 fún àwọn tí wọ́n pè ní Band A, àwọn tí a ṣe ìlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Àwọn tí kò sí nínú Band A, wákàtí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Fìríìjì tí iná lọ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, àpótí lásán ni. Ẹran tí ó ti yọ́ nínú rẹ̀, tí ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, kí a sè é lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de ìgbà tí iná yóò dé kí ó lè tún dì.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìrẹsì. A fẹ́ kí ẹ̀yin dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń gbé kúlà jáde ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ẹ sì ń ṣí i ní aago méjì ọ̀sán nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ máa ń wà lára ìrẹsì tútù, ó sì ní èèpo líle tí omi híhó kò lè pa. Bí ìrẹsì bá jinná, tí a fi í sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìkòkò tàbí kúlà, irúgbìn yìí yóò hù, yóò sì máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé náà kò ní òórùn, kò sì sọ ìrẹsì di kíkan. Èyí tí ó burú jù ni pé bí a bá tún ìrẹsì náà sè, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n májèlé kò ní lọ. Láàárín wákàtí kan sí márùn-ún, èébì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò, kí ó mú dírẹ́bà lórí ìjókòó ọkọ̀ pẹ̀lú èrò méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe ju wákàtí méjì lọ níbi tí kò tutù, tí kò sì gbóná. Oúnjẹ tí ó bá gbọ́dọ̀ dúró, kí ó gbóná gan-an tí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á, tàbí kí ó tutù bí omi yìnyín. Nítorí náà ìrẹsì tí ó sùn nínú ìkòkò láti alẹ́ di òwúrọ̀ láìsí ìtutù, kí a má ṣe fi ojú àánú wò ó. Ewúrẹ́ tàbí adìẹ ni kí a fi í fún. Kò sí ìtakò láàárín èyí àti ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ìrẹsì ife méjì tí a dà nù kò tó owó oògùn ọjọ́ kan, kò sì tó owó ojúmọ́ tí wọn yóò gé kúrò nínú owó kásúà tí kò wá síbi iṣẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a wọn ìrẹsì kí a tó sè é. Bí ènìyàn mẹ́rin ni yóò jẹ, kí a wọn ti ènìyàn mẹ́rin, kí a má fi ojú díwọ̀n.

Eku náà ńkọ́? Lati ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀rọ̀nú, a ti mọ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbé e wọ inú oúnjẹ wa. Gàrí tí kò ní ìdérí àti ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ mọ́jú, ilé oúnjẹ eku ni. Oúnjẹ tí eku ti fẹnu kàn, kò sí àtúnsè fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò nínú ilé, nítorí kì í ṣe ilé nìkan ni ìkòkò wà. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí a mọ̀ dáadáa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní kantíìnì ibẹ̀, oúnjẹ tí àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n sè lójúmọ́ pọ̀ ju iye tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Kásúà kò ní ẹ̀tọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì, gàrí àti ẹ̀pà ni wọ́n ń rà lẹ́nu géètì. Ní aago mẹ́ta, wọn a da ìrẹsì tí ó kù sínú dírọ́ọ̀mù, ẹlẹ́dẹ̀ ẹnìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Bí alásè bá gbìyànjú láti fi ọ̀rá di díẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò tú àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì bí ti olè. Nígbà tí a béèrè, wọ́n fún wa ní ìdáhùn méjì. Èkínní ni pé bí a bá ń pín ìyókù, àwọn ènìyàn kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Èkejì ni pé bí oúnjẹ bá mú ẹnìkan láìsàn, ilé-iṣẹ́ ni yóò jẹ̀bi.

Ìdáhùn kejì ní ìtumọ̀, a kò ní ṣe bí ẹni pé kò ní. Òun gan-an ni ó fà á tí a fi ní kí wọ́n má dúró di aago mẹ́ta. Bí ọ̀wọ́ àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì bá ti jẹun tán ní aago kan, tí oúnjẹ ṣì ń gbóná, kí a pe àwọn kásúà wọlé, kí wọ́n jókòó lórí àga, kí wọ́n jẹun nínú àwo tí ó mọ́. Ti ìdáhùn èkínní, a kò rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba owó ojúmọ́ tí kò ní ẹ̀tọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì wo ni yóò kọ̀ láti rà? Ohun tí a sì fẹ́ gan-an ni pé kí kásúà ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ó jẹun ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ọ̀rọ̀ ìyókù má tilẹ̀ kàn án.

Ó ku owó oṣù tí a ní yóò yọjú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ti fi nǹkan bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ fọwọ́ sí owó oṣù tí ó kéré jù, náírà 70,000, lẹ́yìn tí ó ti wà ní 30,000 láti ọdún 2019. Kò sí iye ọbẹ̀ àná tí a lè gbóná tí yóò dí àlàfo irú èyí. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí iwájú wa níbi ìjíròrò owó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bí a ó ti máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kí a dá a dúró níbẹ̀.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń kọrin yìí sí òṣìṣẹ́ létí. Nígbà ogun Hitler, oúnjẹ wọ́n ní Èkó. Ìjọba òyìnbó fi agbára dá iye owó gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, Ọ̀gbẹ́ni Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà àti àwọn obìnrin ọjà sì kọ̀ jálẹ̀ nítorí iye náà kò bá ohun tí wọ́n fi ra ọjà mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà fara dà á títí di oṣù kẹfà ọdún 1945, nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, Michael Imoudu ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Owó ìrànlọ́wọ́ ọ̀wọ́n oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè. Ní ilẹ̀ Bírítéènì nígbà ogun kan náà, láti ọdún 1940, òfin lè mú ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi oúnjẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ fún olúkúlùkù ní ìwé ìpín, olówó àti òṣìṣẹ́, ìpín oúnjẹ náà kò sì dópin títí di ọdún 1954. Wọ́n ní kí ará ìlú má ṣòfò, wọ́n sì rí i pé ohun tí kò ní fi ṣòfò dé ọwọ́ rẹ̀. Apá kejì yìí ni àwọn tí ń wàásù fún wa máa ń gbàgbé.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, a fẹ́ kí aṣojú kọ̀ọ̀kan ka iye àwo oúnjẹ tí kantíìnì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń dà nù láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì ka iye kásúà tí kò jẹun nínú ọgbà náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Kí ó kọ méjèèjì sórí ìwé kan. Bí wọ́n bá lé e kúrò nídìí dírọ́ọ̀mù, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n lé e sísàlẹ̀ ìwé náà.